Ṣé dandan ni kí n dé Lọ́ńdọ̀nù kí n tó kọ ìtàn Ẹ̀gbá?

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ka oyè másítà nínú ìmọ̀ ìtàn, Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá, 1898 sí 1914, sì ni mo fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé lórí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní bí n ò bá dé Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà, àti Birmingham, níbi tí ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà, iṣẹ́ mi ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àdìrẹ ni màmá mi ń tà ní Ìtòkú. Wọ́n ní àwọn á gba àjọ àwọn, àwọn á tún yá díẹ̀ kún un, kí n lè rí owó físà àti ti ọkọ̀ òfuurufú. Ọkàn mi ò gbà á rárá. N ò fẹ́ kó gbèsè sí wọn lọ́rùn, n ò sì fẹ́ kọ ohun tí ẹnikẹ́ni á kà tí á ní kò jinlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbarà:
Ọmọ mi, má jẹ́ kí ìyá rẹ yáwó. Kí wọ́n fi àjọ wọn ra aṣọ àti aró.

Mo kọ́ni ní ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó ní Kew àti ní Birmingham. Ohun tó ń dùn mí ni bá a ṣe ń rán àwọn ọmọ lọ òkè òkun kí wọ́n tó mọ ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Wo ọ̀rọ̀ tìrẹ. Àdéhùn tí Ẹ̀gbá bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1893 ló jẹ́ kí Ẹ̀gbá máa dá ìjọba rẹ̀ ṣe títí di 1914. Ìjọba náà ní akọ̀wé tirẹ̀, ó ní ilé ẹjọ́, ó ń gba owó bodè. Ta ló wá kọ ìwé wọn? Àwọn èèyàn wa ni, níbí. Ìwé ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta yìí. Ohun tí òyìnbó ń sọ nípa wa fún ọ̀gá wọn ló pọ̀ ní Kew. O nílò rẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.

Ka ti ibí tán, kí o tó kọjá sí ilé àkójọ ìwé tó wà nínú ọgbà yunifásítì Ìbàdàn. Máa kọ nọ́ńbà gbogbo fáìlì sílẹ̀. Tó o bá rí lẹ́tà tó kúrò ní Aké lọ bá gómìnà l'Ékòó, tí o wá èsì rẹ̀ tì, ìgbà yẹn ni Kew tó kàn. Ní Kew, CO ni àmì ìwé ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. CO 147 ni ti Èkó, ó parí ní 1906 tí wọ́n pa Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. CO 520 ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Ìjemọ̀ ní 1914, nígbà tí sójà yìnbọn pa ará ìlú, inú CO 583 ni kí o wá a sí. Ní Birmingham, má wulẹ̀ fi CA2, àkójọ ìwé CMS ti àtijọ́ lórí ilẹ̀ Yorùbá, dá ara rẹ láàmú, ó ti parí ní 1880. G3 A2, èyí tó tẹ̀ lé e, ni tìrẹ. Kọ lẹ́tà sí wọn pẹ̀lú nọ́ńbà tó dájú. Wọ́n máa ń gba owó ya ìwé ránṣẹ́ síni, owó náà ò sì tó owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jẹ́ n fi kan kún un, torí ó yẹ kéèyàn dé ibẹ̀ tí ọ̀nà bá là. Ní Kew, káàdì ìwọlé ọ̀fẹ́ ni. Báàgì á wà nínú lọ́kà, wọn ò ní gbà kó o mú báírò wọlé, pẹ́ńsù nìkan ni. O máa gbé ìwé náà lé tìmùtìmù, o máa fi okùn wúwo kan tẹ ojú ewé mọ́lẹ̀ kó má baà ká. Kò sẹ́ni tó máa díwọ̀n fọ́tò tó o máa fi fóònù rẹ yà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà gómìnà ni mo ti rí ohun tí àwọn akọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ kọ síra wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn. Ẹni tó gba ẹ̀dà lẹ́tà nìkan lè má rí ìyẹn láé.

Àmọ́ má fi owó ọjà ìyá rẹ lọ. Tó o bá dé ìpele ọ̀mọ̀wé, Commonwealth ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń kàwé nílé, tó fẹ́ lo tó ọdún kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àti ọmọ wọn, tó ti Sierra Leone padà sí Abẹ́òkúta lo fẹ́ tọpasẹ̀, Freetown, olú ìlú Sierra Leone, ni kó o kọ́kọ́ wò. Ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ò sì nílò físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣáà mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Màmá gbọ́, wọ́n ní kí n kí yín. Ṣé mo kàn lè wọlé síbi ti Abẹ́òkúta yìí bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n á bèèrè nǹkan?

Bàbá Ìbarà:
Gba lẹ́tà ìfinihàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé tó ní orúkọ yunifásítì. Tètè dé ní àárọ̀, kí o sì kọ́kọ́ bèèrè ìwé atọ́ka kí o tó bèèrè fáìlì. Bi wọ́n bóyá o lè ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ní rárá, mú ìwé ajákọ tó nípọn dání.