"Ère" kọ́ o! Kí la máa wá pe ẹni mímọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára eyín erin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká fi pe ẹni mímọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára pẹlẹbẹ eyín erin la jọ ń wá. Mo ti rí "ère eyín erin" tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá, mo sì rí "àwòrán eyín erin" tí àbúrò wa fi fèsì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká tún wo nǹkan tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gan-an, ìyẹn Dèmétríù Mímọ́ tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan ní New York. Pẹlẹbẹ eyín erin kan báyìí ni, ó tó ọwọ́ àgbàlagbà tó là sílẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ ọba Byzantium (ìjọba Róòmù ti ìlà oòrùn) ló gbẹ́ ẹ láàárín ọdún 950 sí 1000, wọ́n wọ ẹ̀wù ogun fún Dèmétríù torí jagunjagun ni, òun sì làwọn ará Tẹsalóníkà gbà pé ó ń ṣọ́ ìlú wọn, Tẹsalóníkà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí náà ni o. (Kì í ṣe Dèmétríù alágbẹ̀dẹ fàdákà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì o, ìyẹn ń ṣe ilé òrìṣà tà ni tiẹ̀.)

Ṣé ẹ rí i, ère lèèyàn lè yí po, ó níwájú ó lẹ́yìn, bí ère ìbejì. Eléyìí kàn yọ síta lára pẹlẹbẹ ni. Àwọn tó gbẹ́ ẹ gan-an ò ní fẹ́ ká pè é ní ère, torí láàárín 726 sí 843, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn ọba wọn fòfin de àwòrán ẹni mímọ́ pé ìbọ̀rìṣà ni, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sun ún. Nígbà tí àwòrán ẹni mímọ́ padà, èyí tí wọ́n kùn sórí pákó àti irú ọnà tó yọ díẹ̀ báyìí ló gbilẹ̀, ère tó dá dúró ò wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Tá a bá wá ń sọ pé ère, ohùn àwọn tó ń fọ́ ọ la fi ń pè é yẹn.

Àwòrán ńkọ́? Kò purọ́, àmọ́ fótò náà àwòrán, fíìmù náà àwòrán. Kò sì bọ́ nínú wàhálà, Ẹ́kísódù 20 to ère àti àwòrán sínú òfin kan náà.

Ẹni tó ní "fínfín", fín ń wọnú ni, ẹ wo igbá fínfín. Èmi ń sọ nípa èyí tó yọ: ẹ fi àtàǹpàkò kan ojú Herbert Macaulay lára ẹyọ owó náírà kan, tàbí ojú Èṣù létí ọpọ́n Ifá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ọlọ́nà táwọn agbẹ́gi bíi Bándélé gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń bá Fada Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, ṣiṣẹ́ l'Ọ̀yẹ́-Èkìtì.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ "àgbẹ́yọ", ìyẹn ohun tí wọ́n gbẹ́ tó yọ síta. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lálẹ́ àná, ó ní, "Kí ni wọ́n yọ níbẹ̀?" Ó ṣe bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ nǹkan jáde ni ṣá! Mo wá fi ọnà síwájú ẹ̀: ọnà àgbẹ́yọ Dèmétríù Mímọ́ lára eyín erin. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ ìyàwó mi ò tún béèrè nǹkan kan mọ́.