Irú ìwé wo ni kí àbúrò mi fi múra sí àkàyé Gẹ̀ẹ́sì nínú JAMB?

Àǹtí Aláṣọ, Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Òṣogbo níbí fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà. Nínú JAMB tó ṣe lọ́dún tó kọjá, ó gba 71 nínú Báyọ́lọ́jì, 66 nínú Kẹ́mísírì àti 64 nínú Físíìsì, ṣùgbọ́n 43 péré ló rí gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àkàyé ló ṣe òun bẹ́ẹ̀, pé bí òun bá ka àyọkà tán, ìdáhùn méjì a máa jọra lójú òun. Mo ti ra ìwé méjì fún un nítòsí oríta Ọláìyá: ọ̀kan jẹ́ àkójọ ìbéèrè JAMB àtijọ́, ó nípọn tó ìrọ̀rí, èkejì jẹ́ ìwé àkàyé tí àwọn tó ń múra sí WAEC ń lò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún ní kó sanwó áàpù kan. Èwo ni kí ó gbájú mọ́?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Alékùwodò

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ gbé ìwé WAEC yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Kì í ṣe pé kò dára, ṣùgbọ́n WAEC ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn, nígbà tó jẹ́ pé ìdáhùn mẹ́rin ni JAMB ń tò kalẹ̀, tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ẹ̀tàn, inú ẹ̀tàn yẹn gan-an sì ni àbúrò yín ń kó sí.

Ìwé ìbéèrè àtijọ́ ló yẹ ẹ́, àmọ́ ẹ ṣí i wò: ṣé ó ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn fi tọ̀nà, àbí lẹ́tà nìkan ló kọ sẹ́yìn? Mo rí ọ̀kan tí àyọkà rẹ̀ ní “few farmers accepted the new seed”, tí ìwé náà wá ní ìdáhùn ni pé àwọn àgbẹ̀ kan gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. “A few” ni ì bá túmọ̀ sí pé àwọn kan gbà á. “Few” tí kò ní “a” níwájú ń sọ pé agbára káká la fi rí ẹni tó gbà á. Kí ó mú àyọkà kan lójúmọ́, kí ó fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó ti rí ìdáhùn rẹ̀, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi lé mẹ́ta yòókù dànù.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, UNIOSUN

Òótọ́ ni olùkọ́ wa sọ, ṣùgbọ́n ẹ má ta áàpù nù pátápátá, mà. Ìbéèrè 180 ni JAMB fún wákàtí méjì, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àyọkà gígùn sì wà níbẹ̀ tí a ó kà. Èmi gan-an mọ àkàyé lórí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ṣe ni ojú mi ń sọnù lórí àyọkà. Nígbà tó bá ku bí oṣù kan àbọ̀, kí ó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe fóònù, kí ó sì máa fi bọ́tìnnì dáhùn: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Áàpù ọ̀fẹ́ tó bá ní aago ti tó.

Bàbá Ayọ̀, Ọjà Ọba

Ìwé ìtàn tí JAMB ń yàn náà ńkọ́? Wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀, ìbéèrè lórí ti àtẹ̀yìnwá kò sì wúlò mọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ mi fi há wọn sórí lásán.

Àǹtí Aláṣọ, Òkè-Fìà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yẹ ìwé ńlá náà wò: lẹ́tà nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á?

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Alékùwodò

Ẹ má dá a padà, àyọkà inú rẹ̀ ṣì wúlò. Ẹ ya ojú ewé ìdáhùn kúrò, ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ yín, kí ó fúnra rẹ̀ wá ìdáhùn pẹ̀lú ẹ̀rí. Èyí tí òun àti ìwé kò bá ti fohùn ṣọ̀kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí.