Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá kò wálẹ̀, dókítà ní oorun ni ká yẹ̀ wò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta ni Bàbá wa ń lò, wọn kì í pa á jẹ, síbẹ̀ 160/100 ni ẹ̀rọ ń kà. Wọ́n sanra, ọrùn wọn sì ki. Ti hanrun wọn ò ṣe é fẹnu sọ! Ohun tó ń dẹ́rù ba Màmá ni pé ó máa ń dákẹ́ lójijì, èémí á dá, kí wọ́n tó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ omi.

Dókítà tí a rí ní Ìbàdàn ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń dí lójú oorun. Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù, ara á ta gìrì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè, bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní ó lè jẹ́ kí oògùn má ràn wọ́n, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀ tàbí kí ọkàn máa lù ségesège. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oorun, bóyá kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ CPAP sùn, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọlé láti ojú ìbòmú kí ọ̀nà ọ̀fun má baà dí.

Ta ló ti lò ó nínú yín? Ṣé ìfúnpá wálẹ̀ lóòótọ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí NEPA bá mú iná lọ? Wọ́n ti gbà láti máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, àmọ́ bíà alẹ́, ká má tiẹ̀ sọ ọ́. Àyẹ̀wò náà ńkọ́? Wọ́n ní ṣé ọkùnrin kì í hanrun mọ́ ni. Kí ni kí n sọ tí kò fi ní dà bíi pé ọmọ ń pàṣẹ fún bàbá rẹ̀?