Ṣé yanrìn Ọ̀ṣun ló di etíkun Lẹ́kí?

Baba Búlọ́ọ̀kù, Ìgèdè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń mọ ní Ìgèdè-Èkìtì, níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Oṣù tó kọjá mo lọ kí ọmọ mi ní Lẹ́kí, mo sì bu yanrìn etíkun sọ́wọ́. Ó kúnná bí gaàrí tí wọ́n jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tiwa níhìn-ín ń gún àtẹ́lẹwọ́, ègé àpáta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní màíkà sì ń dán gbinrin nínú rẹ̀. Odò wa ń lọ sápá ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ṣé yanrìn òkè wa ló di etíkun gígùn yẹn? Báwo ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Tíṣà Adó: Bàbá, ọwọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Yanrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára àpáta máa ń ní igun. Èyí tí omi ti yí pẹ́, igun rẹ̀ á ti jẹ, màíkà á ti fọ́ dànù, kúọ́ọ̀tì, irú èròjà àpáta tó le, ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀sà Lẹ́kí ni Ọ̀ṣun já sí. Omi dẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹrù odò ń rì sí. Ti etíkun, apá Gánà àti Tógò ni púpọ̀ ti ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ìgbì ti ń kọlu etíkun wa, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń ti yanrìn lọ sí ìlà oòrùn.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Òótọ́ ni. Láàárín 1908 sí 1912 wọ́n fi òkúta mọ ògiri wọnú òkun lẹ́nu èbúté Èkó. Yanrìn gbá jọ sí ìwọ̀ oòrùn ògiri náà. Ní ìlà oòrùn, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Kò sí ẹ̀rí tó tún yé mi tó èyí. Onímọ̀ ilẹ̀ kan, Kevin Burke, tilẹ̀ kọ ọ́ ní 1972 pé àwọn kòtò jíjìn lábẹ́ òkun, bíi Avon, ń gbé lára yanrìn tó ń rìn náà mì.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sọ̀rètí nù, Bàbá. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, òkun fi ohun tó lé ní 100 mítà rẹlẹ̀ ju ti òní lọ. Àwọn odò ń ṣàn kọjá ibi tó ti di abẹ́ òkun báyìí. Nígbà tí òkun ń gòkè bọ̀, ó ń ti yanrìn àtijọ́ bọ̀ síwájú. Ó ṣeé ṣe kí ti Èkìtì wà nínú rẹ̀.

Baba Búlọ́ọ̀kù, Ìgèdè: Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo bu díẹ̀ wálé nínú ike (mi ò jẹ́ fi mọ búlọ́ọ̀kù, iyọ̀ wà nínú rẹ̀). Mo fi awò ìkàwé mi wò ó láàárọ̀ yìí. Igun ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jẹ lóòótọ́, n kò sì rí màíkà kankan. Mo ti da tiwa sínú ike kejì, mo gbé e tì í lójú fèrèsé.