Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tẹlifíṣọ̀n onítáyà tó ń lo bátìrì, ṣé yóò wúlò fún iṣẹ́ mi àti fún Màmá tó wà lórí ibùsùn?

Olùkọ́ Adó

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Adó-Èkìtì ni mò ń gbé. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà, ọmọ méje, ní gbogbo Sátidé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn ní Calgary la máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà ooru wọn, aago mẹ́fà nígbà òtútù. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń mú iná lọ ní àdúgbò wa.

Orí fóònù ni mo ti ń ṣe é. Tí ọmọ méje bá pín ojú fóònù láàárín ara wọn, ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná lọ. Ọmọ kan ń sọ "àgàdo" dípò "àgbàdo" fún bí oṣù mẹ́ta, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gé ohùn rẹ̀. Ọjọ́ tí mo yá láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ mi lò ni mo tó rí i pé ètè rẹ̀ kì í pàdé rárá. Ó dùn mí, torí ọmọ náà ń gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìyá ọkọ mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lọ́dún tó kọjá, apá òsì wọn kò tíì le. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ara ògiri pálọ̀ sì ni tẹlifíṣọ̀n wa wà, wọn ò lè rí i. Ní Sátidé kan, àsìkò oògùn wọn bọ́ sí àárín kíláàsì, mo bá gbé fóònù lọ́wọ́ wọ yàrá wọn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohùn ọmọdé, wọ́n ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ náà dáhùn, "Ààlọ̀!" Ni Màmá bá pa àlọ́ ìjàpá fún wọn. Ohùn wọn ń fà díẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọmọ kan tó kúrò nídìí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ de Sátidé.

Àbúrò mi tó wà ní Kòríà ní òun fẹ́ ra LG StanbyME ránṣẹ́ sí mi. Ó dúró lórí ọ̀pá onítáyà, bátìrì wà nínú rẹ̀, èèyàn lè fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀ bíi fóònù. Òun á san ìdajì, èmi náà á san ìdajì. Mo ti kó ₦400,000 jọ. A ò ní inverter, jẹnẹrétọ̀ kékeré la ní, èèyàn ò sì lè kọ́ ọmọ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nínú ariwo rẹ̀. Ṣé kí n rà á? Ẹni tó bá ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́.

Aránṣọ Ìkọ̀lé

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Tíṣà wa. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà.

Mo ní i. Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló máa ń wà lọ́sàn-án. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé mo lè yí i dúró lóòró. Oníbàárà á mú àwòrán bùbá àti ìró tó wù ú wá lórí fóònù, màá gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n, a ó fọwọ́ fà á kó tóbi, a ó wo ọrùn rẹ̀, a ó wo bí wọ́n ṣe gé apá rẹ̀. Ìjà "kì í ṣe bí mo ṣe ní kí o rán an nìyí" ti dín kù gan-an. Tó bá di alẹ́, ọkọ mi á bá mi fi ọkọ̀ gbé e lọ sílé, àwọn ọmọ á fi ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn.

Àwọn tó ṣe é ní bátìrì rẹ̀ á tó wákàtí mẹ́ta. Lọ́dọ̀ tèmi, tí mo bá mú kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa nítorí oòrùn, kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Tí iná ò bá wá láti òwúrọ̀, kò sí ohun tí bátìrì máa fún yín nírọ̀lẹ́.

Atún-ẹ̀rọ-ṣe Ìkẹ́rẹ́

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín bíi pé ẹ wà níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Kòríà. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 27. Kò ní kámẹ́rà nínú. Torí náà, fóònù yín ni yóò ṣì máa wo ojú yín, tẹlifíṣọ̀n á kàn máa gbé àwòrán fóònù síta. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ ò ní rí i fi ṣe gbogbo ohun tí láptọ́ọ̀pù ń ṣe. Ihò HDMI (ibi tí a ń ki wáyà àwòrán àti ohùn bọ̀) kan ṣoṣo ló wà lára ti àkọ́kọ́ yẹn, tí ẹ bá ki dẹkódà bọ̀ ọ́, láptọ́ọ̀pù á dúró síta. Èyí tó jáde ní 2025, StanbyME 2, ojú rẹ̀ ṣeé yọ kúrò lórí ọ̀pá, wọ́n sì ní bátìrì rẹ̀ tó wákàtí mẹ́rin.

Iná Kòríà jẹ́ 220V, kò jìnnà sí 230V tiwa, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ṣájà rẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé "100-240V, 50/60Hz" ló wà níbẹ̀. Ẹnu wáyà wọn rí roboto, tiwa jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́ta pẹlẹbẹ, ẹ máa nílò adáptọ̀. Ẹ má tìtorí bátìrì pa stabilizer tì. Iná tó ń lọ sókè sódò ló ń ba ṣájà jẹ́ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Ibi tó ká mi lára nìyí: pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wúwo tó kílò 17 àti ààbọ̀. Táyà rẹ̀ kéré. Ó ń sáré lórí táìsì, kì í gun ẹnu ọ̀nà tó ga. Báwo ni ọ̀nà yàrá Màmá ṣe rí?

Ọmọ Ìfàkì ní Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí àwọn tó fẹ́ rán tiwọn láti Amẹ́ríkà gbọ́ èyí pẹ̀lú: bí wọ́n ṣe ń fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ lójú ọ̀run ní Amẹ́ríkà àti Kòríà yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. ATSC ni tiwọn, DVB-T2 ni tiwa. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ kì í mú ìkànnì wa láti inú áńtẹ́nà, àfi kẹ́ ẹ lo dẹkódà. Mo rán ọ̀kan sí bàbá mi ní Ìfàkì láìmọ èyí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń yí áńtẹ́nà lórí òrùlé. Ó ṣì ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Tíṣà, inú mi dùn sí àlọ́ Màmá ju ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n lọ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ohùn rẹ̀ fà, ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ara ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pa á.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé tí tẹlifíṣọ̀n bá ti dúró sí ojú kan, aláìsàn náà á dúró sí ojú kan. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, a máa ń bá a yí i ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí i ní ìbàdí àti gìgísẹ̀. Torí náà, ohunkóhun tí ẹ bá rà, kó jẹ́ èyí tó lè tẹ̀ lé wọn: tí wọ́n bá kọjú sí ògiri, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí ojú wọn ga dé, kí wọ́n má máa fi ọrùn wá a. Tó bá di àsìkò oorun, ẹ pa á.

Bàbá Ìbejì

Ẹ ra tẹlifíṣọ̀n lásán íǹṣì 32 tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe ọ̀pá onítáyà ńlá sí i, irú táyà tó wà lábẹ́ ibùsùn ọsibítù. Owó tó bá kù, ẹ fi ṣe iná. Iná ni ìṣòro yín, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Aránṣọ Ìkọ̀lé

Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ fún tiwọn. Èmi ò lè fi ọ̀pá wẹ́dà gbé tèmi lọ ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ra èyí. Àmọ́ inú ilé kan náà ni ti Tíṣà máa ń rìn, láti pálọ̀ sí yàrá.

Atún-ẹ̀rọ-ṣe Ìkẹ́rẹ́

Mo ti Bàbá Ìbejì lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tẹlifíṣọ̀n LED íǹṣì 32 máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50. Ẹ fi 10 kún un fún fóònù àti ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó di 60. Kíláàsì wákàtí méjì, Màmá wákàtí márùn-ún, wákàtí méje ní ìlọ́po 60, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 420 Wh (wáàtì ní ìlọ́po wákàtí). Bátìrì inverter 12V, 100Ah, gba 1,200 Wh, ẹ má sì jẹ́ kó lọ kọjá ìdajì tó bá jẹ́ èyí tí a ń bu omi sí. Ìdajì yẹn jẹ́ 600, ó tó yín. Ẹ lè fi sóólà kún un tó bá yá. Ẹ má gbàgbé dátà: Zoom olójú púpọ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi 1GB ní wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Adó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé téèpù ìwọnṣọ, mo lọ wọn ọ̀nà. Àtẹ̀gùn méjì ló sọ̀ kalẹ̀ láti pálọ̀ sí ọ̀nà yàrá Màmá, ẹnu ọ̀nà wọn sì tún ga. Èmi nìkan ni mo máa ń wà nílé ní Sátidé, mi ò lè máa gbé kílò 17 sókè sódò.

Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ó ní òun á fi owó tòun ra inverter àti bátìrì. ₦400,000 tèmi ni màá fi ra tẹlifíṣọ̀n náà, màá fi san owó wẹ́dà, yàrá Màmá ló sì máa wà. Èmi ni màá máa kó kíláàsì lọ bá wọn níbẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí n kò fi ronú kan èyí tẹ́lẹ̀, pálọ̀ ni mo kàn gbà pé kíláàsì gbọ́dọ̀ ti wáyé. Wẹ́dà ní Ọjọ́bọ̀ lòun á gbé ọ̀pá náà wá. Nọ́ọ̀sì, mo ti ní kó fi táyà tó ń yí sí ibi gbogbo sí i, kí n lè máa tì í tẹ̀ lé wọn bí mo bá ń yí wọn padà.

Mo sọ fún Màmá pé láti Sátidé tó ń bọ̀ wọ́n á máa rí ojú àwọn ọmọ náà dáadáa. Wọ́n ní ọmọ kan wà láàárín wọn tí "Ààlọ̀" tirẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, ojú ẹni yẹn làwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí.