Àdámuyàn: ta ló dá wà níbẹ̀, ọmọ ni àbí ọyàn?

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Mo ti fẹ́ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí torí ẹni tó kọ ọ́ jù mí lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé àwọn èèyàn ti ń kan sáárá sí i, tí ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ sí pósítà fún ọ̀sẹ̀ ìfọ́mọlọ́yàn tí wọ́n máa ń ṣe ní 1 sí 7 oṣù kẹjọ, mo ní rárá o, èyí ò ṣeé dákẹ́ sí.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀dá lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun ni ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ sí wa lórí wásàápù. Kí ìyá fún ọmọ ní omi ọyàn nìkan, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí ògì, títí tó fi máa pé oṣù mẹ́fà, wọ́n pè é ní "àdámuyàn". Kí wọ́n gbé ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé lé àyà ìyá ẹ̀, ara kan ara, wọ́n pè é ní "ìpọ̀nwájú". Kí ìyá fún omi ọyàn sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n pè é ní "ìfúnyàn". Wọ́n wá fi òwe tì í pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà lẹ wà lọ́jà báyìí, orí ọmọ ọ̀hún ló wọ́ yìí o.

Ẹ jẹ́ ká mú àdámuyàn. Mi ò bá yín jà lórí ìpajẹ, ká gé ìró kan kúrò ká fi so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, mu ọtí ló di mutí, mu ọyàn lè di muyàn, kò burú. "Dá" yẹn ni ìjà mi. Àdáṣe, ta ló dá wà níbẹ̀? Ẹni tó ń ṣe é ni. Àdágbé, ẹni tó ń gbé ni. Àdájẹ, ahun tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí tó ń jẹyán ni, kì í ṣe pé iyán gbẹrẹfu ló ń jẹ láìlọ́bẹ̀. "Dá" kì í fi olùwà, ẹni tó ń ṣe nǹkan, sílẹ̀ lọ bá àbọ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí mo bá ní Àìná dá mu ẹ̀kọ, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rò pé Àìná ò fi àkàrà mu ún, ohun tó máa yé e ni pé kò sẹ́ni tó bá a mu ún. Ṣé ẹ rí i báyìí pé àdámuyàn, ọmọ tí kò bá ẹnikẹ́ni pín ọmú ni! Nílẹ̀ Yorùbá! Níbi tí ìbejì pọ̀ tó báyìí, tí ará Igbó-Ọrà ń fi ṣe fáàrí káàkiri ayé. Táíwò ń mu ọ̀tún, Kẹ́hìndé ń mu òsì, wọn ò fẹnu kan nǹkan míì fóṣù mẹ́fà, ṣé a máa wá ní wọn kì í ṣe àdámuyàn torí pé méjì ni wọ́n?

Kẹ́ ẹ má bàa ní gírámà lásán ni mo ń ṣe, mo gbé e lọ bá àwọn tó ni ín. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ mo ṣì máa ń lọ bá àwọn ìyálọ́mọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo kàn ju ọ̀rọ̀ yín sáàárín ọ̀rọ̀ mi, mo ní "àdámuyàn ni kẹ́ ẹ máa ṣe o". Gbogbo wọn ń wò mí. Ọ̀kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, tó ń fìka ti orí ọmú padà sí i lẹ́nu, ló ní, "Mà, Ádámù wo ló yàn án?" Ni gbogbo bẹ́ǹṣì bá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wá ní "ọmú nìkan, ẹ ò gbọdọ̀ fomi sí i", kíá ni ìyá àgbà kan tó tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ wá síbẹ̀ gbà á lẹ́nu mi: "Òùngbẹ ò wá ní gbẹ ọmọ ni?" Ọ̀rọ̀ tó bá yé èèyàn ló ń bá jiyàn. Àdámuyàn ò rẹ́ni bá a jiyàn, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín.

Ìjà ìyá àgbà yẹn ló sì yẹ ká máa jà. Omi ọyàn tí ẹ ń wò yìí, bíi 87 nínú ìdá 100 ẹ̀ ló jẹ́ omi, òùngbẹ ibo? Lóòótọ́, wọ́n rọ àwa náà lágbo, wọ́n tẹ́ wa sórí itan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ dí wa lẹ́nu bí ife, à ń ké à ń gbé e mì. Ohun tí mò ń sọ ni pé "rọ" ni wọ́n pè é, wọn ò pe ìpàdé kí wọ́n tó rí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n ò wò. Àjọ ìlera àgbáyé tó yí fífún ọmọ ní omi ọyàn nìkan kúrò ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà tó sì sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà gbáko ní 2001, wọ́n ní ọmọ tó bá lo oògùn olómi tàbí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ṣì wà nínú ẹ̀. Omi ọyàn tí ìyá fún sínú kọ́ọ̀bù kó tó lọ síbi iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀. Ọmọ tó mu ti kọ́ọ̀bù yẹn, ṣé ọyàn ló mu? Omi ọyàn ló mu. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fara mọ́ àbúrò wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ní ká pè é ní "kìkì omi ọyàn". Kìkì mọ ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló ń dì mú. Ẹni tó wá ní ká pè é ní wàrà ká má bàa sọ pé "ẹ má fún un lómi" ká tún sọ pé "omi ọyàn", mo gbọ́ o, àmọ́ létí tèmi màlúù ni wàrà ti ń wá.

Ìfúnyàn: ẹ̀gbọ́n, fún ọmọ lọ́yàn, fún ọyàn sí kọ́ọ̀bù, ohùn òkè ni méjèèjì. Èwo ni ìfúnyàn yín? Ẹ ò lè fi àmì ohùn yanjú ìyẹn.

Ìpọ̀nwájú ló wá bí mi nínú jù. Láti ìgbà wo ni a ti ń pọ̀n nǹkan síwájú? Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ oṣù-ò-pé móoru ò kárí, àyà ìyá ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀rọ. Gbígbé ọmọ sáyà ni, ìgbọ́mọsáyà, ó parí. Ẹ tún wá wò ó, ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí wásàápù? Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ oṣù méje máa ka ti yín ní ìpọ́njú, ọmọ míì nínú wọ́ọ̀dù sì lè ní ibà pọ́njú lọ́wọ́, kí wá ni ká sọ pé a fẹ́ ṣe fún wọn? Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹ pọ̀n tiyín, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ sì pọ̀n ọ́n sí.

Ẹ ní ọ̀dọ̀ àgbà onímọ̀ èdè lẹ ti kàwé, mo bọ̀wọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ò kàwé, àwọn ló fi ìka mi lé àwùjẹ̀ ọmọ, wọ́n ní tó bá ti jìn wọnú báyìí, omi ti gbẹ lára ẹ̀. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ohun kan náà ni wọ́n tún fi kọ́ wa.

Ibi tó sì nílò orúkọ lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n ò débẹ̀. Omi ọyàn àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó ki, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó yẹ kí ọmọ mu láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i, torí ohun tó ń bá àrùn jà kún inú ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pè é? Omi ìdọ̀tí. Wọ́n á sì fún un dànù sílẹ̀. Orúkọ yẹn nìkan ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ẹni tí ìyá àgbà ìlú ẹ̀ bá ní orúkọ gidi fún un, kó fi ránṣẹ́. Kó má dá a o, kó rántí ẹ̀ ni.

Ẹni tó sì kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé "ọmú" ò bójú mu, pé "ọyàn" ni ọmọlúàbí ń sọ, mi ò tíì dá a lóhùn. Òun náà mu ún kó tó dàgbà tójú wá ń tì í.