Ìkójáde ni, kì í ṣe àkójáde. Odò Ọya sì ni, kì í ṣe Odò Náíjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo rí àkọlé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wa dá lábàá fún orí kẹrin ìwé ìtàn àwọn ọmọ ilé-ìwé girama: "Ìtàn Àkójáde Nàìjíríà ní Èbúté Odò Náíjà." Ọ̀gá mi ni wọ́n, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ àkọlé yẹn kò ṣe é gbé mì.

À- tó wà níwájú "àkójáde" ni mo ń bá jà. Àjẹkù ni ohun tí a jẹ kù. Àkójọ ni ohun tí a kó jọ. Bí a bá wá ní àkójáde, ẹrù là ń sọ: epo pupa, ekuro, òrí, ẹ̀pà, òwú. Ta ló kó o? Ibo ló gbà? À- kò bèèrè ìyẹn. Ẹ wo ìkórè tó fi ì- bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ ni, kì í ṣe iṣu. "Àlọ" àti "àbọ̀" tí ẹnìkan fi gbe Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀, pé à- náà lè dárúkọ iṣẹ́, kò bá a mu rárá, nítorí "lọ" àti "bọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀, ìyẹn èyí tó ń fẹ́ ohun tí a ṣe iṣẹ́ náà sí. "Kó" ń fẹ́ ẹ: a gbọ́dọ̀ kó nǹkan.

Bẹ́ẹ̀, kíkó gan-an ni gbogbo ìtàn yìí. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tí George Goldie ń darí, níwèé àṣẹ. Bí wọ́n ṣe gba odò kanlẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń gbowó ìwé àṣẹ àti owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ti ń ná odò náà kí wọ́n tó dé. Ohun tó bí àwọn ará Brass, ìlú oníṣòwò lẹ́nu odò náà, nínú nìyẹn tí wọ́n fi kọlu ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa ní oṣù kìíní ọdún 1895. Epo tí wọ́n ń rà lókè odò, epo yẹn náà ni. Ẹni tó láṣẹ láti kó o kọjá ló yí padà. Ìkójáde ni wọ́n torí ẹ̀ jà!

Àǹtí wa tó ní ká lo "ìtajà-sókè-òkun", ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ rántí òwú àti ẹ̀pà Garoua ní Kamẹrúùnù. Láyé àtijọ́, bí omi bá kún, Odò Bẹ́núè ni wọ́n ń kó o gbà títí dé Burutu, èbúté ẹnu odò ní Nàìjíríà, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e. Nàìjíríà kọ́ ló tà á.

Odò Náíjà wá ńkọ́? Haúsá ń pe odò yìí ní Kwara, ibẹ̀ la ti rí orúkọ ìpínlẹ̀ wa. Edu ni Tápà ń pè é. Kí ló wá dé tí Yorùbá, tó ń pè é ní Ọya, fi máa lọ yá Náíjà? Ẹnìkan ní òrìṣà ni Ọya, pé àwọn mùsùlùmí Ìlọrin kò ní fẹ́. Ilé àáfà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá bàbá mi, tí ìrun kì í bọ́ mọ́ lọ́wọ́, "ẹja Ọya" ni wọ́n ń pe ẹja gbígbẹ tí àwọn Tápà ń kó wá láti Jẹ́bà, wọ́n á fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí wọ́n tó nájà. Ní Jẹ́bà yẹn náà ni Dayspring, ọkọ̀ ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń wá ojú odò náà, ti fọ́ lára àpáta ní 1857, Samuel Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ náà rìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa ka ìyẹn ní èdè rẹ̀.

Ẹni tó ní ti Èkó nìkan ni èbúté, pé "ibùdókọ̀" ni ká pe ti òkè odò: Baro, létí Odò Ọya, ni ọ̀nà reluwé tó dé Kánò ní 1911 ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹrù lè bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Ní 2019 ni ìjọba tún ṣí èbúté tuntun síbẹ̀. Ibùdókọ̀ ni ti dánfó. Mo ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó pọ̀ nínú mi.

Àkọlé tí mo fara mọ́ rèé: "Ìtàn Ìkójáde Ọjà Nàìjíríà ní Èbúté Odò Ọya." Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ yí i kí ìwé tó dọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé.